Òṣùwọ̀n Méjì Nínú Ilé Kan



 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí bẹ̀rẹ̀ láti orí fóònù mi. Nínú ààwẹ̀ èṣí, àbúrò mi obìnrin tó wà lọ́dọ̀ ìyá wa ní Ìwó fi àwòrán páálí oògùn méjì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni méjèèjì. Orúkọ oògùn kan náà ni, agbára kan náà ni wọ́n kọ sára wọn, ṣùgbọ́n owó ọ̀kan kò tó ìdajì owó èkejì. Àbúrò mi béèrè pé, "Bọ̀dá mi, èwo ni kí n rà fún Màámi?" Mo wo iye owó, mo ní kó ra èyí tí owó rẹ̀ kéré. Mi ò béèrè ibi tí wọ́n ti ṣe é. Mi ò béèrè ẹni tó tà á. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ mi.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, etí ń dun ọmọ mi obìnrin níbí ní ìlú ọba. Dókítà kọ oògùn fún un, mo lọ gbà á ní ilé oògùn tó wà ní àdúgbò wa. Mi ò tilẹ̀ wo ara ìgò náà dáadáa. Mo bù ú sínú ṣíbí, mo fún un mu, ọkàn mi sì balẹ̀. Kí ló mú kí ọkàn mi balẹ̀ bẹ́ẹ̀? Mo mọ̀ pé kí ìgò yẹn tó dé ọwọ́ mi, ẹnìkan ti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹlòmíràn sì ti yẹ iṣẹ́ ẹni yẹn wò.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a kírun àsàmù tán, ni ohun tí mo ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Fún ọmọ mi, òṣùwọ̀n kíkún ni mo gbà. Fún ìyá mi, ohun tí mi ò mọ̀ bóyá ó kún ni mo ní kí wọ́n rà. Òṣùwọ̀n méjì ni mo ń lò nínú ilé kan.

Nítorí náà, ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ rò nìyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí oògùn tí à ń ṣe fún aláìní ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, kí èyí tí à ń ṣe fún àwọn tó rí jẹ náà ní tirẹ̀? Bí ilé iṣẹ́ kan ní Èkó tàbí ní Ọ̀tà bá ń ṣe oògùn, ṣé dandan ni kó bá òṣùwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò mu, àbí kí a ní "ó dáa bẹ́ẹ̀, ó ṣáà sàn ju kí wọ́n má rí rárá lọ"?

Ohun tí òṣùwọ̀n yìí jẹ́

Bí a bá gbọ́ "òṣùwọ̀n àgbáyé", ọ̀pọ̀ wa máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ìwé àti òǹtẹ̀ lásán ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan ṣoṣo ṣàlàyé: oògùn olómi tí à ń fún ọmọdé.

Oògùn olómi nílò ohun dídùn kan tí yóò yọ́ oògùn náà kó lè ṣeé gbé mì. Gílísárìn, irú èyí tí àwọn ìyá wa ń fi pa ara, jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tó ń jẹ́ diethylene glycol. Ó dùn, ó ń fà bí òróró, kò ní àwọ̀, owó rẹ̀ sì kéré. Inú irú nǹkan bí omi bíréèkì ọkọ̀ ni wọ́n ti ń lò ó. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Bí ó bá wọ inú ọmọdé, kíndìnrín rẹ̀ ló ń bàjẹ́. Ọmọ náà kò ní lè tọ̀ mọ́, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ó lè kú.

Ní ọdún 1937, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà fi ohun yìí po oògùn. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó kú, àwọn ọmọdé sì wà lára wọn. Ọ̀fọ̀ yẹn ló bí òfin ọdún 1938 tó sọ ọ́ di dandan níbẹ̀ pé kí wọ́n fi hàn pé oògùn kò ní pa ènìyàn lára kí wọ́n tó gbé e sọ́jà. Ní ọdún 1990, májèlé yìí kan náà wọ inú oògùn ibà olómi ní Nàìjíríà, àwọn ọmọdé sì kú ní Ìbàdàn àti ní Jos. Ní ọdún 2008 sí 2009, ó tún wọ inú oògùn eyín híhù tí wọ́n ń pè ní "My Pikin", ó lé ní 80 ọmọ tó bá a lọ. Ní ọdún 2022, nǹkan bí 70 ọmọ ló kú ní Gambia, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sì kéde pé wọ́n rí i nínú oògùn olómi mẹ́rin tí wọ́n kó wọ ìlú náà.

Láti 1937 dé 2022 jẹ́ ọdún 85. Kì í ṣe pé ayé kò mọ ohun tí yóò dá a dúró. Ohun náà kò le rárá: kí ilé iṣẹ́ yẹ gbogbo dírọ́ọ̀mù tó bá wọlé wò kí wọ́n tó ṣí i lò. Kí wọ́n má gbára lé ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, nítorí pé dírọ́ọ̀mù lè ti ọwọ́ oníṣòwò mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọjá kó tó dé. Àyẹ̀wò yìí wà nínú òṣùwọ̀n àgbáyé. Ẹni tó bá fò ó, owó díẹ̀ àti wákàtí díẹ̀ ló ń fi pamọ́.

Àwọn ìlànà yòókù rí bẹ́ẹ̀ náà. Wọ́n ní kí a fọ ẹ̀rọ kí a tó fi í ṣe oògùn mìíràn. Kí ènìyàn méjì jọ rí ìwọ̀n, kì í ṣe ẹnìkan. Kí a kọ ohun tí a ṣe sílẹ̀ ní àkókò tí a ṣe é, nítorí pé ohun tí a kò kọ, a kò ṣe é ni wọ́n kà á sí. Kí gbogbo páálí ní nọ́ńbà, kí a lè pe oògùn padà bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kí a tọ́jú díẹ̀ pamọ́ nínú oògùn kọ̀ọ̀kan tí a ṣe, kí a lè padà yẹ̀ ẹ́ wò. Kí a fi ooru dán an wò: oògùn tí ilẹ̀ tútù máa lò, ìwọ̀n ooru 25 ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí láti mọ iye oṣù tí yóò fi dára, ti ilẹ̀ tó gbóná bíi tiwa, ìwọ̀n 30 ni, pẹ̀lú ọ̀rinrin.

Kí nìdí tí gbogbo èyí fi pọ̀ tó báyìí? Nítorí pé àyẹ̀wò ìgbẹ̀yìn nìkan kò tó. Bí wọ́n bá ń se ọbẹ̀ ìnáwó, ìyá alásè lè tọ́ ṣíbí kan wò kó mọ̀ bóyá iyọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ṣíbí kan yẹn kò lè sọ fún un bóyá wọ́n fọ ẹran kí wọ́n tó gbé e sínú ìkòkò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyẹn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọwọ́ Ànábì nínú òkìtì oúnjẹ

Àwọn kan máa ń sọ pé òyìnbó ló mú òṣùwọ̀n yìí wá láti fi dí wa lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tó ti wà nílé tiwa.

Ó wà nínú hadíìsì tí Imam Muslim gbà wá pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọjá níbi òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà. Ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì kan ibi tó tutù. Ó bi ọlọ́jà náà pé kí ni èyí. Ọkùnrin náà ní òjò ló pa á. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun wá bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tó tutù sí òkè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì jẹ́ kó mọ̀ pé ẹni tó bá ń tan ènìyàn jẹ kò sí lára tòun.

Ẹ kíyè sí ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kò gba ohun tí ojú rí lórí òkìtì gbọ́, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Èkejì, kò bá ọkùnrin náà wí nítorí òjò, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè dá òjò dúró. Ẹ̀kẹta, fífi ohun tó tutù pamọ́ sísàlẹ̀ ló sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni òṣùwọ̀n oògùn ṣe rí. Ẹ̀rọ lè bàjẹ́, iná lè lọ, òṣìṣẹ́ lè ṣe àṣìṣe. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kó má ṣe sí lábẹ́ òkìtì.

Àwọn tó tẹ̀lé Ànábì náà sọ ọ́ di iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n ní ẹni tó ń bojú tó ọjà, tí à ń pè ní muhtasib. Ní ọ̀rúndún kejìlá Mílàdì, al-Shayzari, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Síríà, kọ ìwé ìlànà fún irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ya ibi kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe oògùn olómi. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ pípẹ́ ni.

Ìwé Ọlọ́hun alára sì ní sūrah kan odindi, Al-Mutaffifin, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkìlọ̀ fún àwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn, wọn á gbà á kíkún, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń wọ̀n fún ènìyàn, wọn á dín in kù. Ìgbà tí mo ronú kan sūrah yìí lálẹ́ ọjọ́ tí mo sọ yẹn, oníṣòwò kankan kọ́ ló wá sí mi lọ́kàn. Páálí oògùn méjì yẹn ni.

Ọ̀rọ̀ tí Alhaji sọ

Mo sọ gbogbo èyí fún Alhaji kan ní mọ́ṣáláṣí wa, nígbà tí a jọ ń jẹ ìṣínu. Ọdún méjìlá ni wọ́n fi ta oògùn ní Ìdúmọ̀tà kí wọ́n tó kó wá síbí. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n wá rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, o sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ta ni yóò sanwó rẹ̀? Ilé iṣẹ́ tó ń fi díṣẹ́ẹ̀lì ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dé alẹ́, tó ń fi dọ́là ra gbogbo èròjà, o tún ní kó ra ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Bí ìjọba bá ti ilé iṣẹ́ mẹ́wàá pa lónìí torí òṣùwọ̀n, ọmọ tí ibà ń ṣe lọ́la, ṣé òṣùwọ̀n ni yóò mu?"

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, mi ò sì fẹ́ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ní ọdún 2023, ilé iṣẹ́ ńlá GSK kéde pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ènìyàn nílé náà mọ bí owó oògùn ṣe gbéra sókè láàárín àkókò yẹn. Òṣùwọ̀n tí kò ní ìrànlọ́wọ́ lẹ́yìn lè di ilẹ̀kùn tí a tì mọ́ aláìní lójú.

Síbẹ̀, ohun tí mo sọ fún Alhaji ni pé ìdajì oògùn kò dà bí ìdajì oúnjẹ. Ẹni tó jẹ ìdajì àwo ìrẹsì ti jẹ nǹkan. Ṣùgbọ́n oògùn ibà tàbí oògùn kòkòrò àrùn tí agbára rẹ̀ kò pé lè fi àwọn kòkòrò tó lágbára jù sílẹ̀ láàyè, kí wọ́n sì máa bí sí i. Nígbà tó bá yá, oògùn gidi pàápàá kò ní ràn wọ́n. Àdúgbò odindi ló sì ń san gbèsè yẹn.

Mo tún sọ fún wọn pé aláìní lè fi ojú mọ gààrí tó ti bu, ó lè fi ọwọ́ mọ aṣọ tó fẹ́lẹ́. Kò sí ohun tó lè fi mọ oògùn. Òótọ́ inú ẹni tó ṣe é nìkan ló ní. Ẹni tí kò lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀ gan-an ni a jẹ ní òṣùwọ̀n kíkún.

Alhaji dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá sọ ohun tí mi ò rò kàn tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé o mọ̀ pé oògùn tí o gbà fún ọmọ rẹ níbí, owó rẹ̀ kéré?" Òótọ́ ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú oògùn tí NHS ń fún wa ni àwọn tí kò ní orúkọ ńlá, tí ilé iṣẹ́ oríṣiríṣi ń ṣe, tí owó wọn kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n fi ń yẹ wọ́n wò bíi ti olórúkọ ńlá.

Ìdí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Owó kékeré kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ oògùn. Àìsí ẹlẹ́rìí ni. A lè dín páálí aláràbarà kù, a lè dín èrè kù, a lè yọ orúkọ ńlá kúrò. Ohun tó wà nínú hóró oògùn ni a kò gbọ́dọ̀ dín. Bí owó kò bá sì tó, àwa tí a ní ló yẹ kí ẹrù náà kàn: ìjọba, àwọn tó ń ra oògùn fún ìlú, àti àwa ọmọ tó wà lẹ́yìn odi.

A kò tún gbọ́dọ̀ sọ pé nǹkan kan kò yí padà nílé. Ní ọdún 2022, WHO gbé NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, dé ìpele kẹta nínú mẹ́rin tí wọ́n fi ń wọn irú àjọ bẹ́ẹ̀. Àdéhùn tó dá àjọ oògùn ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Kigali, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2021, kí àwọn orílẹ̀-èdè lè jọ máa gbé ẹrù àyẹ̀wò dípò kí olúkúlùkù dá gbé tirẹ̀.

Omi tó wà lẹ́nu mi

Ṣùgbọ́n àjọ kankan kò lè dúró ti gbogbo òṣìṣẹ́ ní gbogbo wákàtí. Ibi tí mo ń lọ nìyí, ara mi sì ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo gba iṣẹ́ oṣù mẹ́fà ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe oògùn níbí. Iṣẹ́ mi ni láti dán ètò kọ̀ǹpútà kan wò, èyí tó ń ṣọ́ bí yàrá tí wọ́n ń kó oògùn sí ṣe gbóná tó. Mo ní láti ṣe àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, kí n kọ àbájáde rẹ̀, kí n fọwọ́ sí i pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò. Ọ̀sán Jímọ̀ kan ni, nínú ààwẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí, orí ń fọ́ mi. Ó ku àyẹ̀wò mẹ́ta, wọ́n sì jọ àwọn tí mo ti ṣe tó yege. Mo kọ "ó yege" sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo fọwọ́ sí i.

Mo wá lọ ṣe àlùwàlá làásárì. Mo bu omi sẹ́nu, mo rọra ń yọ́ ọ dà nù, mò ń ṣọ́ ara mi kí ẹ̀kán kan má baà lọ sí ọ̀nà ọ̀fun. Kò sẹ́nì kankan nínú balùwẹ̀ yẹn. Bí mo bá gbé e mì, ta ni yóò mọ̀? Ibẹ̀ ni ara mi ti tutù. Èmi tí mò ń ṣọ́ ẹ̀kán omi kan nítorí pé Ọlọ́hun ń wò mí, èmi náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí irọ́ mẹ́ta, bí ẹni pé Kì í wo tábìlì iṣẹ́.

Mo padà, mo fa ìlà kan ṣoṣo la ohun tí mo kọ kọjá kí ó ṣì ṣeé kà, mo kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, mo fọwọ́ sí i. Mo lọ sọ fún obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá àyẹ̀wò. Kì í ṣe Mùsùlùmí. Kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn ní kí n ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí n sì kọ ohun tí mo bá rí.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yege. Bí mo bá ti fi irọ́ yẹn sílẹ̀, kò sí ẹni tí ìbá kú. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù títí di òní. Ǹ bá ti kọ́ ara mi pé irú irọ́ bẹ́ẹ̀ kì í pa ènìyàn, ǹ bá sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó kọ́kọ́ fo àyẹ̀wò dírọ́ọ̀mù kan ṣe rí ní ìgbà àkọ́kọ́. Gílísárìn tòótọ́ ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ààwẹ̀ ni ìjọsìn tí kò ní olùyẹ̀wò láàárín ènìyàn. Bí Ọlọ́hun bá kọ́ wa fún ọgbọ̀n ọjọ́ láti pa òṣùwọ̀n mọ́ níbi tí ojú kan kò ti tó wa, kò yẹ kí ẹ̀kọ́ yẹn parí sí ọ̀fun wa.

Kí ni a lè ṣe?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra oògùn fún òbí nílé, ẹ má kàn béèrè iye owó. Ẹ ní kí wọ́n rà á ní ilé oògùn tó ní ìwé àṣẹ, kí wọ́n gba rìsíìtì, kí wọ́n ya àwòrán nọ́ńbà NAFDAC, nọ́ńbà oògùn tó wà lára páálí àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Bí oògùn kò bá ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀, kí ẹ sì fi tó NAFDAC létí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń di oògùn sínú báàgì láti ibí lọ sílé, inú rere ni, ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí nípa ibi tó yẹ kí ó wà. Oògùn dáadáa tó jókòó sínú bùùtù ọkọ̀ nínú oòrùn lè má jẹ́ oògùn dáadáa mọ́ nígbà tó bá dé Ìwó.

Bí ẹ bá sì ń wá ibi tí sàráà yín yóò lọ ní ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn yìí, ẹ wo aláìsàn kan ní àdúgbò yín nílé, kí ẹ san ìyàtọ̀ owó tó wà láàárín oògùn tí kò ní ẹlẹ́rìí àti èyí tó ní.

Ní ti ìyá mi, ẹ̀jẹ̀ wọn kò wálẹ̀ ní oṣù yẹn. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé oògùn ló fà á. Dókítà pààrọ̀ rẹ̀, ara wọn sì ti yá, alhamdulillahi. Nígbà tí mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn lórí fóònù, wọ́n ní kí n má da ara mi láàmú, pé àwọn kò mọ̀ pé oògùn méjì ló wà.

Wọn kò mọ̀. Èmi ni mo mọ̀.

Kí Ọlọ́hun Ọba jẹ́ kí a lè máa wọ̀n fún ẹlòmíràn bí a ṣe ń fẹ́ kí wọ́n wọ̀n fún wa. Kí Ó fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn, kí Ó kẹ́ àwọn ọmọ tó ti lọ, kí Ó sì fún àwọn òbí wọn ní sùúrù. Àmín.